Búrẹ́dì Kẹfà

Fóònù méjì ló ń gbọ̀n lápò ṣòkòtò Télọ̀ nígbà tí ìyá rẹ̀ fa búrẹ́dì pẹlẹbẹ àkọ́kọ́ ya sí méjì. Fóònù kan jẹ́ tirẹ̀, èkejì jẹ́ ti Ìyá. Ó ti gba ti Ìyá lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀, ó ní òun fẹ́ bá a fi iná sí i ní ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n kò fi iná kankan sí i. Ó pa ohùn rẹ̀, ó jù ú sápò, ibẹ̀ ló sì wà láti ìgbà náà.

"Nǹkan ń gbọ̀n lára rẹ," ni Ìyá wí. Kò gbójú sókè.

"Àwọn oníbàárà ni, Màmá. Ẹ jẹun ná."

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ àpò náà mọ́ itan títí fóònù méjèèjì fi dákẹ́.

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ohun tó wà nílẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àlọ́. Àbíkẹ́yìn Ìyá ti kú. Ìlú kejì ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ń kun ilé lọ́dà. Ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ náà, àkàbà yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ lára ilé alájà mẹ́ta, kí wọ́n sì tó gbé e dé ilé ìwòsàn, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Àbúrò Télọ̀ obìnrin, tó jẹ́ tíṣà, ló pè é ní ṣọ́ọ̀bù tó fi gbọ́. Ó sunkún títí, ó wá ní òun àti Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá wọn, ti ń múra ọ̀nà, àti pé kí ẹnikẹ́ni má sọ fún Ìyá ṣáájú Télọ̀.

"Ẹ̀yin ni Dáódù," ló wí. "Ẹnu yín ni kí Màmá ti gbọ́ ọ. Tó bá jẹ́ ẹnu ẹlòmíì, wọn ò ní dárí jì wá."

Télọ̀ ní òun gbọ́. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta ni, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun, ṣùgbọ́n nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, ńṣe ló jókòó sídìí máṣìnnì rẹ̀, tó ń ro ẹni tó dàgbà jù ú lọ tí òun lè rán níṣẹ́ náà. Kò rí ẹnì kankan. Ó sáré wálé, ó gba fóònù Ìyá, ó padà sí ṣọ́ọ̀bù, kò rán aṣọ kankan. Ó kàn ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́, ó ń yọ ọ́, ó tún ń fi bọ̀ ọ́.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ọ̀rọ̀ náà ti dé àdúgbò. Bí Télọ̀ ṣe ń gun àtẹ̀gùn ilé lọ, ó pàdé aya onílé tó ń fi etí ìborùn nu ojú. Obìnrin náà la ẹnu, Télọ̀ fi ìka sétè bẹ̀ ẹ́. Ó wọlé, ó bá Ìyá níbi tó ti ń ká aṣọ tó gbẹ.

"Màmá, ẹ wọṣọ. Ẹ jẹ́ ká lọ jẹun níta lónìí."

Ìyá wò ó fún ìgbà díẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti bí i, ọmọ náà kò mú un jáde lọ jẹun rí. Kò bi í ní ìbéèrè kankan. Ó gbé aṣọ tó ń ká lọ́wọ́ sílẹ̀, ó wọ bàtà, ó tẹ̀ lé e.

Ilé oúnjẹ àwọn ará Íńdíà àti Pàkísítánì tó wà ní ojúlé kejì sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló mú un lọ, torí kò mọ ibòmíì. Ibẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jọ nǹkan. Tábìlì mẹ́fà ló wà níbẹ̀, rọ́bà tí wọ́n tẹ́ lé wọn ti lẹ̀ mọ́ igi, àwọn àga ò sì bára wọn mu rárá. Wọ́n so okùn mọ́ ọṣẹ tó wà níbi ìfọwọ́, kí ẹnì kan má baà yó tán kó tún gbé ọṣẹ lọ sílé. Ògiri jẹ́ àwọ̀ ewé dé ìdajì, funfun ló gba òkè, ìlà tó pín àwọ̀ méjèèjì sì tọ́ gan-an. Iṣẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ni. Télọ̀ yí àga rẹ̀ padà kí ojú òun má baà máa wo ògiri náà.

Ọ̀rẹ́ méjì ló ni ibẹ̀. Ará Íńdíà ló ń dáná. Orí rẹ̀ nìkan lèèyàn máa ń rí láti ojú fèrèsé kékeré tí wọ́n ń gba oúnjẹ jáde. Ará Pàkísítánì, onírùngbọ̀n, ló ń gbé abọ́ kiri. Àwọn tó gbọ́ nípa ìlú àwọn méjèèjì máa ń retí pé kí wọ́n máa jà, ṣùgbọ́n láti ọdún mẹ́jọ tí Télọ̀ ti ń jẹun níbẹ̀, iyọ̀ nìkan ló gbọ́ tí wọ́n ń jà lé lórí. Onírùngbọ̀n gbé ọwọ́ lé àyà, ó tẹrí ba fún Ìyá.

"Màmá Télọ̀. Ẹ káàbọ̀. Ẹ máa jẹ dáadáa lónìí."

Wọn ò tíì ní kó gbé nǹkan kan wá tó fi gbé tíì onímílíìkì kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé ìrẹsì wá, àti ọbẹ̀ ẹ̀wà wẹ́wẹ́, àti ẹran ewúrẹ́ nínú kọ́rì, àti búrẹ́dì pẹlẹbẹ tó ń rú èéfín, tó tóbi ju àwo tí wọ́n gbé e lé. Ìyá wo yàrá yíká. Ó rí awakọ̀ méjì àti obìnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́, gbogbo wọn ń fọwọ́ jẹun.

"Èèyàn gidi ni wọ́n," ló wí, ó sì ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.

Ètò wà lọ́kàn Télọ̀. Kì í ṣe òun ló dá a sílẹ̀, Ìyá fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, ilé oníyàrá mẹ́rìndínlógún ni wọ́n ń gbé, Ìyá sì ni gbogbo ilé máa ń rán láti túfọ̀. Bí ẹnì kan bá kú níbi iṣẹ́ tàbí lójú ọ̀nà, wọ́n á wá kan ilẹ̀kùn Ìyá. Ìyá kò ní sáré. Á gbé ìkòkò kaná, á se nǹkan, á bò ó, á gbé e lọ bá ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, á ní, "Wá jẹun ná." Á jókòó tì í títí tí á fi yó tí á fi fọwọ́. Ìgbà tó bá fọwọ́ tán ni Ìyá á tó di ọwọ́ náà mú, tó ṣì tutù, á sì sọ ọ́. Kì í sọ ọ́ ṣáájú kéèyàn fọwọ́. Ó ní ẹni tó bá gbọ́ irú ẹ̀ lórí ikùn òfo, ilẹ̀ ló ń bá lọ, àti pé oúnjẹ tónítọ̀hún bá jẹ kó tó gbọ́, òun nìkan ló máa wà nínú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Àwọn ọmọdé inú ilé náà tiẹ̀ gbà pé ìrẹsì Ìyá ló ń pa àwọn èèyàn. Fún nǹkan bí ọdún kan, tí Ìyá bá bu oúnjẹ fún ọmọ ẹlòmíì, ńṣe lọ́mọ náà máa fẹsẹ̀ fẹ́ẹ.

Ohun tí Télọ̀ fẹ́ ṣe nìyẹn. Kí Ìyá jẹ, kó yó, kó fọwọ́. Lẹ́yìn náà, òun á ní, "Màmá, ẹ ṣọkàn gírí." Láti ibẹ̀, òun ò mọ ohun tó kàn. Ẹyin lọ̀rọ̀, tó bá balẹ̀, kì í ṣeé kó, òun sì rèé tó gbé e lọ́wọ́ láti àárọ̀ tí apá ti ń ro ó.

Ìyá jẹ búrẹ́dì àkọ́kọ́ tán. Ó gba èkejì. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ìdajì àwo ló máa ń jẹ, á ní ikùn àgbà ò gba ariwo. Lónìí, ó ń fa búrẹ́dì ya, ó ń fi kó ẹ̀wà, ó ń fi wá ẹran rí nínú kọ́rì, ó ń jẹ ẹ́ bí iṣẹ́ tí wọ́n ní kó parí kí ilẹ̀ tó ṣú. Inú Télọ̀ kọ́kọ́ dùn. Ó tiẹ̀ yin ara rẹ̀ díẹ̀.

"Ìyàwó rẹ ńkọ́?" ni Ìyá béèrè. "Ikọ́ yẹn ti fi í sílẹ̀?"

"Ó ti fi í sílẹ̀, Màmá."

"Àwọn ọmọ ńkọ́? Èyí tó fẹ́ ṣèdánwò yẹn, ṣé ó ń kàwé?"

"Ó ń kà á díẹ̀díẹ̀."

"Tíṣà ńkọ́, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń dùn ún? Bàbá Àgbà ńkọ́, ṣé ojú wọn ti ń ríran?"

Ó ń béèrè, Télọ̀ ń dáhùn, búrẹ́dì kẹta dé. Fóònù tún gbọ̀n. Télọ̀ ní òun fẹ́ fọ ojú, ó lọ dúró sí ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò ìyẹ̀fun mẹ́rin tí wọ́n tò sí ara ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Àbúrò rẹ̀ tíṣà ni.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé ẹ ti sọ fún wọn?"

"Wọ́n ń jẹun."

"Láti ìgbà tí mo ti pè yín?"

"Wọ́n ṣì ń jẹun ni mo ní."

Ó gbọ́ tí àbúrò rẹ̀ mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ohùn Bàbá Àgbà ń dún nínú mọ́tò bí ẹni ń pe ẹni tó wà lókè odò. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá náà ṣe máa ń sọ̀rọ̀. Ìkíni rẹ̀ gan-an máa ń dà bí ìjà.

"Ó ku bíi wákàtí kan ká dé," ni àbúrò rẹ̀ wí. "Bàbá Àgbà ní tá a bá dé tí ẹ ò tíì sọ, àwọn á sọ ọ́. Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ mọ bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí Màmá gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀."

Ó ní kò ní rí bẹ́ẹ̀. Ó bomi sójú. Nígbà tó padà, búrẹ́dì méjì tuntun wà lórí tábìlì, Ìyá ló ní kí wọ́n gbé wọn wá.

"Màmá," ló wí, kó tó jókòó tán.

"Bá mi bu ẹ̀wà yẹn sí i."

Ó bù ú. "Màmá, mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́—"

"Oúnjẹ wà lẹ́nu, Dáódù. A kì í sọ̀rọ̀ nígbà tí oúnjẹ bá wà lẹ́nu."

Ẹnu Télọ̀ ṣófo ní tirẹ̀. Kò tíì jẹ òkèlè kan. Ó ń wo ọwọ́ Ìyá. Ìyá tún bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè rẹ̀. Ó béèrè onílé, ó béèrè aya onílé. Ó béèrè obìnrin tó ń ta òwú ìránṣọ fún Télọ̀, ẹni tí kò rí ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ó béèrè ológbò onílé tó bímọ lábẹ́ àtẹ̀gùn, ó ní ọmọ mélòó ló kù.

"Mẹ́ta," ni Télọ̀ dáhùn.

Ó ti rí i wàyí. Kò sí ọjọ́ kan tí ẹnu Ìyá kì í kọ́kọ́ pe àbíkẹ́yìn rẹ̀. Tó bá jí, ohun àkọ́kọ́ ni, "Ọkọ mi ti pè lónìí?" Kó tó béèrè àlàáfíà ẹnikẹ́ni, á ti béèrè bóyá ọmọ náà ti rí aṣọ òtútù rà, bóyá ó ti rí ìyàwó, bóyá ó ń jẹun. Lónìí, ó ti béèrè gbogbo ẹ̀dá tó mọ̀ láyé, ó dórí ọmọ ológbò. Kò dárúkọ rẹ̀. Kò sì béèrè fóònù rẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà, àmọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti jókòó, Ìyá kò tíì jẹ́ kí ojú òun àti ti Télọ̀ ṣe mẹ́rin.

Ó mọ̀.

Ìtìjú bo Télọ̀ ṣáájú ìbànújẹ́. Ta ló gbé oúnjẹ síwájú? Obìnrin tó fi oúnjẹ túfọ̀ fún odidi àdúgbò, òun lọmọ rẹ̀ mú jáde lọ́sàn-án gangan, tó jókòó tì, tó ń wí fún pé kó jẹun ná. Òmùgọ̀ wo ló máa ṣe bẹ́ẹ̀? Láti ẹnu ilẹ̀kùn ilé ni Ìyá ti mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ó sì wọ bàtà rẹ̀, ó tẹ̀ lé e.

Nǹkan míì tún yé e. Ìyá kò ní fọwọ́. Bí oúnjẹ bá ṣì wà níwájú rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́ fún un, òun gan-an ló ṣòfin náà. Ìdí nìyẹn tí búrẹ́dì fi ń tẹ̀ lé búrẹ́dì. Ìyá ń ti ikú ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn pẹ̀lú òkèlè, Télọ̀ sì ń wò ó, kò lè ràn án lọ́wọ́, kò sì lè dá a dúró. Ó wo aago. Wákàtí kan tí àbúrò rẹ̀ ní ó kù ti di ogójì ìṣẹ́jú.

Àwọn awakọ̀ ti lọ. Obìnrin aláṣọ iṣẹ́ ti lọ. Onírùngbọ̀n ń nu àwọn tábìlì, ó ń yí àga dà sórí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, torí wọ́n máa ń pa iná lọ́sàn-án títí di ìrọ̀lẹ́. Ìyá fi ègé tó kẹ́yìn nínú búrẹ́dì karùn-ún nu àwo títí àwo fi ń dán. Ó gbé ọwọ́ sókè.

"Bàbá, ẹ fún mi ní ẹyọ kan sí i."

Onírùngbọ̀n wò ó, ó wo Télọ̀. "Màmá, ó ti tán. Ìyẹ̀fun tá a pò ti tán, a ti pa iná."

"Ẹyọ kan," ni Ìyá wí. Ohùn rẹ̀ kéré. "Ẹ jọ̀wọ́. Tó bá tiẹ̀ kéré."

Télọ̀ fẹ́ bẹ ọkùnrin náà. Kò mọ ohun tó máa bẹ̀ ẹ́ fún, pé kó ṣe é tàbí pé kó má ṣe é. Orí alásè yọ lójú fèrèsé. Ó wo obìnrin àgbà náà, ó wo ọkùnrin tó jókòó tì í tí kò fọwọ́ kan oúnjẹ, ó sọ nǹkan sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní èdè wọn. Onírùngbọ̀n fèsì. Alásè tún sọ ọ́, ó kúrú, orí rẹ̀ sì wọlé. Wọ́n gbọ́ tí iná ràn. Wọ́n gbọ́ tó ń lu ìyẹ̀fun lórí pákó.

Kò sí oúnjẹ kankan lórí tábìlì báyìí. Àsìkò tí Télọ̀ ń wá nìyí. Ó la ẹnu. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti tò jọ láti àárọ̀, ṣọkàn gírí, ẹ gba kádàrá, kò sí ìkankan níbẹ̀. Omi ti gbà á lójú. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ó rí ọwọ́ ọ̀tún Ìyá tí ọbẹ̀ kọ́rì ṣì wà lára rẹ̀, tí kò tíì fọ̀.

"Ìyá tó wà ní yàrá kẹrin," ni Ìyá wí, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣàdédé sọ sí lọ́kàn. "Èyí tí ọkọ rẹ̀ ń wa mọ́tò. O rántí ẹ̀?"

Télọ̀ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Òun ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún láyé mi. Mi ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún nígbà yẹn. Ó sunkún, ó yí nílẹ̀, àfi bíi pé á kú. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ó tún lọ́kọ, ó bí ìbejì, ó sanra. A jọ ń rẹ́rìn-ín ni." Ó fi ọwọ́ òsì ti àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ẹkún máa ń tán lójú ẹni tó bá gbọ́ ọ, Dáódù. Àmọ́ títí dòní, tí mo bá fẹ́ sùn, mò ń gbọ́ ohùn ara mi tí mo ń sọ ọ́ fún un. Òun àti gbogbo àwọn yòókù. Gbogbo wọn ni mò ń gbọ́."

Onírùngbọ̀n gbé búrẹ́dì wá. Ó kéré, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti jó. Ó gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó bu ẹ̀wà tó kù nísàlẹ̀ ìkòkò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó kúrò níbẹ̀ láìsọ̀rọ̀.

Ìyá fa búrẹ́dì kẹfà ya. Ó fi kó ẹ̀wà, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó nawọ́ rẹ̀ kọjá tábìlì.

"La ẹnu."

"Màmá, mi ò—"

"Mo ní kó o la ẹnu. Láti àárọ̀, o ò tíì fi nǹkan kan ẹnu."

Ọkùnrin ọlọ́dún méjìdínláàádọ́ta la ẹnu. Ìyá fi òkèlè náà sí i lẹ́nu, ó tóbi, ó sì fi àtàǹpàkò ti èyí tó fẹ́ jábọ́ wọlé. Ìgbà náà ló wá gbójú sókè, tó wò ó lójú kòròkòrò.

"Àbíkẹ́yìn mi ti kú," ni Ìyá wí. Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. "Nígbà tó o gba fóònù lọ́wọ́ mi ni mo mọ̀ pé ẹnì kan ti kú. Nígbà tó o ní ká lọ jẹun, tó o ò sì dárúkọ rẹ̀, ni mo mọ ẹni tó jẹ́. Mo ti sọ ọ́ báyìí. Èmi ni mo sọ ọ́ o, kì í ṣe ìwọ. Ṣó o gbọ́?"

Télọ̀ fẹ́ dá a lóhùn, ṣùgbọ́n búrẹ́dì kún ẹnu rẹ̀, kò lè gbé e mì, kò sì lè tu ú jáde. Omijé ń ṣàn wọ irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ń jẹ ẹ́ lẹ́nu, ó ń jẹ ẹ́, ó sì ń yé e díẹ̀díẹ̀ pé nítorí òun ni Ìyá ti ń jẹun láti ọ̀sán.

"Jẹ ẹ́ dáadáa," ni Ìyá wí, ó sì ti ń fẹ́ atẹ́gùn sí òkèlè kejì.